Ẹnu Tí A Fi Owó Yá

Àwọn àgbà wa pa òwe méjì lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ jíjẹ́, àwọn òwe méjèèjì sì dàbí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Ọ̀kan wí pé, ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Èkejì wí pé, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ ni à ń fi jẹ́ ẹ. Òwe kìíní dá ìránṣẹ́ láre: kí ó máa wo ojú ọ̀gá rẹ̀, kí ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà bí a ti rán an. Òwe kejì kò gbà bẹ́ẹ̀: ó ní kí ìránṣẹ́ fi ọgbọ́n orí àti ìwà ọmọlúàbí tirẹ̀ kún un kí ó tó la ẹnu. Ó pẹ́ tí mo ti ń pa òwe méjèèjì láìmọ̀ pé ìjà wà láàárín wọn, àfi ìgbà tí mo lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Ìgbẹsà, níbi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ àti àwòrán bá ọlọ́jà polówó ọjà rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi yẹ̀ wò nìyí: bí a bá fi owó yá ẹnu ènìyàn láti yin ọjà, tí ìyìn náà kò sì jẹ́ òtítọ́, ta ni ó ni ẹ̀bi? Ṣé ẹni tí ó sanwó ni, tàbí ẹni tí ó sọ̀rọ̀, tàbí ẹni tí ó gbọ́ tí ó sì rà?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ti dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù February, 2022, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì tí à ń pè ní ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù October ọdún náà. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ilé-ẹ̀kọ́ wa fi wà ní títì. Bàbá mi kò fẹ́ràn kí ọmọkùnrin máa jókòó tẹtẹrẹ nílé. Nítorí náà ó rán mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ìgbẹsà, pé kí n wá nǹkan ṣe.

Ìlú àwọn Àwórì ni Ìgbẹsà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìlú àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti yí i ká báyìí. Àgbárá kò jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni Àtàn àti Sángo-Ọ̀tà kò jìnnà púpọ̀; Ìgbẹsà náà sì ni ọgbà ìṣòwò tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn ará Guangdong ní ilẹ̀ Ṣáínà jọ dá sílẹ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe táìlì àti oríṣiríṣi nǹkan mìíràn. Níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti pọ̀, ọlọ́jà kò ní ṣàìpọ̀. Ẹni tí ń mọ búlọ́ọ̀kù wà níbẹ̀, ẹni tí ń ta omi inú ọ̀rá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni télọ̀, onílé oúnjẹ àti pásítọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìjọ sílẹ̀. Olúkúlùkù wọn ni ó ń fẹ́ kí ayé mọ òun. Ibi tí a ti ń jẹun nìyẹn.

Yàrá méjì péré ni ilé-iṣẹ́ wa, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irin. Ènìyàn márùn-ún ni a jẹ́: ọ̀gá, ayàwòrán kan tí mo ń pè ní Bùọ̀dá, ọmọbìnrin kan tí ń gba owó, tí ń dá oníbàárà lóhùn, tí ó sì tún ní ohùn dídùn tí a fi ń ka ìkéde, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń gun àkàbà lọ gbé pátákó kọ́, àti èmi tí wọ́n gbà láti máa kọ ọ̀rọ̀, nítorí wọ́n gbọ́ pé èdè ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ní ilé-iṣẹ́ kékeré, kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Mo kọ ọ̀rọ̀, mo gbá ilẹ̀, mo lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀, mo sì di àkàbà mú.

Bí ẹ bá rò pé iṣẹ́ náà rọrùn, ẹ ò tíì bá oníbàárà pàdé. Ọ̀kan yóò ní kí a sọ àwọ̀ pupa di èyí tí ó pupa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ṣe é tán, yóò ní ti àkọ́kọ́ ni òun fẹ́ràn. Ọkùnrin kan tí ń ta búlọ́ọ̀kù ní kí àwòrán òun tóbi ju àwòrán búlọ́ọ̀kù lọ, títí pátákó náà fi dàbí ti ẹni tí ń du ipò gómìnà. Gbogbo wọn ni wọ́n ń san ìdajì owó. Ìdajì tí ó kù di ìgbà tí Ọlọ́run bá ṣe é. Bí iná bá lọ nígbà tí Bùọ̀dá kò tíì fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, igbe tí yóò ké, aládùúgbò yóò rò pé olè wọlé ni.

Síbẹ̀, adùn wà nínú iṣẹ́ náà, n kò ní purọ́. Fún oníbúlọ́ọ̀kù yẹn ni mo kọ gbólóhùn mi kìíní: Ilé tí ó dúró ni ó ń yin búlọ́ọ̀kù. Ọjọ́ tí a gbé pátákó náà kọ́, mo dúró lódìkejì títì fún ìgbà pípẹ́, mo ń wo bí àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì ti ń kà á. Inú mi dùn bí ti ẹni tí a fi jẹ oyè.

Kì í ṣe òní ni iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ìpolówó, pípe olówó ni, kí ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yà wá. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn ìyá wa ti ń fi ohùn dídùn pe ọjà wọn kiri. Nígbà tí ìwé títẹ̀ dé, tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ìkéde àwọn oníṣòwò wọ inú rẹ̀. West African Publicity, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ilé-iṣẹ́ ìpolówó àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní 1928. Ohun tí ó yí padà láàárín àkókò wọ̀nyí ni pé, láyé àtijọ́, ẹni tí ó ni ọjà ni ó ni ẹnu. Nígbà tí ó yá, ẹni tí ó ni ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó yá ẹnu ẹlòmíràn.

Ní iwájú ilé àbúrò bàbá mi, ìyá àgbàlagbà kan wà tí ń ta ọ̀lẹ̀, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní mọ́ínmọ́ín. Ìyá Ọlọ́lẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ní òwúrọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ohùn rẹ̀ ni ó ń jí mi: yóò máa pe ọ̀lẹ̀ rẹ̀, yóò sì fi kún un pé ó gbóná. Bí o bá sún mọ́ ọn, yóò ṣí ìdérí, yóò ní kí o fọwọ́ kan ewé náà. Ohun kan yà mí lẹ́nu nípa rẹ̀. Ní ọ̀sán, nígbà tí ọ̀lẹ̀ náà bá ti tutù, ohùn kan náà ni yóò fi máa pè é, pẹ̀lú orin kan náà, ṣùgbọ́n yóò yọ ọ̀rọ̀ gbígbóná kúrò. Mo bi í ní ọjọ́ kan pé, “Màmá, kí ló dé tí ẹ kì í pe gbígbóná lọ́sàn-án?” Ó wò mí bí ẹni tí ń wo òmùgọ̀. Ó ní, “Ṣé ó gbóná ni?”

Nígbà tí mo wà níbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta, ọkùnrin kan gbé àgbo inú ìgò wá fún wa. Ó fẹ́ àwòrán tí a óò lẹ̀ mọ́ ìgò, ó sì fẹ́ ìkéde tí ọkọ̀ yóò máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kà kiri ọjà. Ó ka àwọn àìsàn tí àgbo náà ń wò fún wa: jẹ̀díjẹ̀dí, ara ríro, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo bi ọ̀gá mi ní ìkọ̀kọ̀ pé, “Ọ̀gá, ṣé òótọ́ ni?” Ọ̀gá mi kì í ṣe ènìyàn búburú, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ẹ má baà dá a lẹ́bi kí ẹ tó gbọ́ tán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìwọ ọmọ yunifásítì yìí, ṣé ìwọ ni o pò ó ni? Ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù. Owó ilé wa pé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.”

Mo jókòó, mo kọ ọ́. Mo sì kọ ọ́ dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Mo mọ̀ pé bí mo bá kọ ọ́ bí ọlọ́jà tí ń pariwo, kò sí ẹni tí yóò dúró gbọ́. Nítorí náà mo kọ ọ́ bí ọmọ tí ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀: ó kí i kú iṣẹ́, ó dúpẹ́ ìtọ́jú lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ kí orí máa fọ́ ọ, kí ojú máa ṣú u, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gba ìgò kan mu nítorí òun ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin wa fi ohùn rẹ̀ kà á. Oníbàárà gbọ́ ọ, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó san ìdajì owó lójú ẹsẹ̀, a sì san owó ilé.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí tí Ìyá Ọlọ́lẹ̀ pè mí bí mo ti ń jáde. Ó ní, “Ọmọ mi, wá wo nǹkan.” Ó ṣí àpótí rẹ̀, mo rí ìgò mẹ́ta pẹ̀lú àwòrán tí Bùọ̀dá yà lára wọn. Ó ní òun kì í ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó sọ̀rọ̀ nínú ti èyí, ilé rere ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ kò lè tan ìyá rẹ̀ jẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ń bá a jà. Ó ti dá oògùn tí ó ń gbà ní ilé ìwòsàn dúró, kí àgbo náà lè rí àyè ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹsẹ̀ mi kò gbà mí mọ́. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ náà.” Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, “Ìwọ náà ti mu ún rí?” Mo ní, “Rárá, màmá.” “O mọ ẹnikẹ́ni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ó mu ún tí ó sàn?” “Rárá, màmá.” Ó ní, “Kí ni o wá fọwọ́ kàn tí o fi pè é ní gbígbóná?”

Ó padà sí oògùn ilé ìwòsàn rẹ̀, nǹkan kan kò sì ṣe é, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá kan ṣoṣo ni mo rí bá sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ náà ti kiri dé Lùsádà, ó ti dé Àtàn, ó ti dé Àgbárá. Ìyá mélòó ni ó sì gbọ́ ohùn ọmọ tí ó kúnlẹ̀ yẹn?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yẹ àwáwí wò, nítorí mo wá ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ní àwọn òru tí oorun kò kùn mí.

Èkíní ni pé òǹrajà ní ojú àti ọgbọ́n tirẹ̀. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ ọ̀lẹ̀ ni à ń tà. Ọwọ́ lè mọ ohun tí ó gbóná. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wo ni a fi ń kan ẹ̀jẹ̀ ríru? Ohun tí òǹrajà kò lè dán wò fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nìkan ni ó lè gbára lé. Bí a bá sì ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́, a ti fọ́ ọ lójú, a tún wá ń bi í pé kí ló dé tí kò ríran.

Èkejì ni pé òfin wà. Òótọ́ ni èyí náà. Òfin 1988 dá APCON sílẹ̀ láti máa ṣe àkóso ìpolówó. Òfin mìíràn sì fi ARCON rọ́pò rẹ̀ ní 2022. Òfin 1993 dá NAFDAC sílẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni polówó oògùn láìgba àṣẹ wọn. Ṣùgbọ́n ojú òfin tètè ń rí pátákó gíga tí ó wà ní Ìkẹjà ju bí ó ti ń rí ọkọ̀ kékeré tí ń kiri Lùsádà lọ. Ẹni tí ó bá ń dúró de òfin kí ó tó sọ òtítọ́, ẹ̀rù ni ó ń bà á, kì í ṣe pé ó ní ìwà.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù, òun ni ti ọ̀gá mi: pé ìránṣẹ́ kò jẹ̀bi. Àkókò púpọ̀ ni mo lò lórí èyí, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ wo akéde ìlú. Bí ọba bá rán an láti kéde ohun tí kò dára, kò sí ẹni tí yóò bá akéde jà. Kí ló dé? Nítorí ó lu agogo, ó sì dárúkọ ẹni tí ó rán an: ọba ní kí n kí yín, ọba ní kí n wí báyìí báyìí. Ohùn nìkan ni ó yá ọba. Gbogbo ìlú mọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo alárenà láyé àtijọ́. Òun náà, ìránṣẹ́ ni. Síbẹ̀ bí ó bá yin ìdílé kan fún àwọn òbí ọmọbìnrin, tí ó sì mọ̀ pé àrùn burúkú wà nínú ìdílé náà, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ dì mú lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú. Alárenà kò lè ní iṣẹ́ ni a rán òun, nítorí ohun tí ó yá wọn ju ohùn lọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn ènìyàn ní nínú rẹ̀ ni ó yá wọn.

Ohun tí mo rí nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Kì í ṣe gbígba owó ni ó di ẹ̀bi rù wá; akéde náà ń jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀bi bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti fi ẹni tí ó rán wa pamọ́, tí a wọ aṣọ ọmọ fún ọ̀rọ̀ ọlọ́jà. Ẹni tí ó bá yá ohùn rẹ̀ fún ni, kí ó dárúkọ olówó rẹ̀, ó bọ́. Ẹni tí ó bá yá ìgbẹ́kẹ̀lé fún ni, ó ti di onígbọ̀wọ́. Bí gbèsè bá sì dé, onígbọ̀wọ́ ni yóò san.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo di akọni lẹ́yìn èyí. Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo sọ ohun gbogbo fún un. Ó gbọ́ mi ju bí mo ti rò lọ. Ó pe oníbàárà náà, ó béèrè ìwé àṣẹ NAFDAC lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní bí kò bá sí, kí a yọ orúkọ àwọn àìsàn kúrò nínú ìkéde àti lára ìgò. Ọkùnrin náà bínú, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn, ìdajì owó tí ó kù sì bá a lọ. Owó oṣù wa pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bùọ̀dá ní ìyàwó àti ọmọ kékeré nílé. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ó sì sọ̀rọ̀, ohun tí ó sọ ni pé, “Ìwọ yóò padà sí ilé-ìwé. Èmi ń bẹ níbí.”

Títí di òní, n kò rí èsì tí ó tó fún ọ̀rọ̀ yẹn. Òótọ́ ni pé ìwà rere mi ní iye owó, ẹlòmíràn ni ó sì bá mi san án. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìgbà tí ó yẹ kí á béèrè bóyá ọjà gbóná tàbí kò gbóná ni kí á tó gba ìdajì owó àkọ́kọ́, kí gbogbo ẹni tí yóò jẹ nínú rẹ̀ sì jọ jókòó béèrè rẹ̀. Èmi béèrè nígbà tí a ti jẹ ẹ́ tán. Kí n tó kúrò níbẹ̀, alágbo mìíràn tún dé. Ọ̀gá béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó gba kọ́bọ̀. Ẹni náà lọ, kò sì padà. Ọ̀gá kò bá mi wí, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè ẹlẹgbẹ́ mi, tiwa ni ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù October, 2022, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá kí ìyanṣẹ́lódì parí, àṣẹ ARCON bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pé kí a má lo ohùn àti àwòrán àwọn àjèjì mọ́ nínú ìpolówó ní Nàìjíríà. Mo yọ̀ sí i, ẹ̀yin náà yóò sì yọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ẹnu tiwa ni wọn yóò máa wá yá, ohùn tí ó jọ ti ọmọ ilé, òwe tí a kọ́ lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà. A kò ní lè sọ pé àjèjì ni ó tan ìyá wa jẹ.

Nípa òwe méjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ti rí bí wọ́n ṣe lè jọ gbé inú ilé kan. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù. Oníbàárà fún mi ní owó, ṣùgbọ́n èdè tí mo fi jẹ iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti gbà á. Ọwọ́ ìyá mi ni, àti ti àwọn tí ó dàbí Ìyá Ọlọ́lẹ̀. Wọ́n ti rán mi níṣẹ́ kí oníbàárà kankan tó rán mi.